Èlé Orí Ìmọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn dìde. Owó ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, n kò sì tíì rí ọmọ Ìjẹ̀bú tí ọ̀rọ̀ owó ń lé sá.

Ẹ jẹ́ kí á mú ìyá oníṣòwò kan ní Efire, ní etí omi. Ó ra gààrí, ó sì fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi gbé e gba orí ọ̀sà lọ sí ọjà mìíràn. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí ó bá ná, èrè náírà méjì péré ni ọjà náà yóò fún un. Ẹ ó sọ pé èrè yìí kéré. Ó kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá yìí yóò kọ́kọ́ bèèrè kì í ṣe bóyá èrè náà pọ̀ tàbí ó kéré. Ohun tí yóò bèèrè ni pé, èló ni owó ọkọ̀? Bí atukọ̀ bá gba náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún, náírà kan kù lọ́wọ́ ìyá. Yóò fi kún owó rẹ̀, yóò tún ra ọjà, yóò tún lọ, yóò tún bọ̀, owó náà yóò sì máa gòkè. Bí atukọ̀ bá gba náírà mẹ́ta, bí ó ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀ ni owó rẹ̀ yóò máa joro, títí yóò fi tán pátápátá. Gbogbo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọlọ́jà tí ó là àti èyí tí ó jẹ gbèsè kò ju náírà kan tàbí méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ mọ èrè rẹ̀ dé orí kọ́bọ̀, kí ó sì mọ owó ọkọ̀ dé orí kọ́bọ̀, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin kan ń ṣòwò ìmọ́lẹ̀ nínú ọ̀pá gíláàsì. Èrè tí wọ́n ń retí kò ju ìdá kan tàbí méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Kí òwò náà tó lè dúró, ó di dandan kí wọ́n kọ́ bí a ti ń wọn èrè tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀, nínú ohun tí ọwọ́ kò lè dì mú. Inú òwò yẹn ni ìmọ́lẹ̀ tí à ń pè ní lésà onígáàsì ti jáde ní ọdún 1960.

Ẹ óò kọ́kọ́ fẹ́ mọ ibi tí èrè ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Gáàsì, bí afẹ́fẹ́ tí à ń mí, kún fún àwọn ẹyọ kéékèèké tí à ń pè ní átọ́ọ̀mù. Ẹ fojú inú wò ó pé átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní àkàsọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí kò bá sí ohun tí ó dà á láàmú, ìsàlẹ̀ ni ó ń jókòó sí. Bí iná mànàmáná bá gba inú gáàsì náà kọjá, iná yóò gbá átọ́ọ̀mù, átọ́ọ̀mù yóò sì fò gun àkàsọ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi bọ́ sílẹ̀, bí ó bá sì ti ń bọ́ ni yóò ju ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nìyí nínú àwọn ọ̀pá pupa tí wọ́n fi ń kọ orúkọ sí iwájú ilé ìtajà ní àwọn ìlú ńlá. Gáàsì inú wọn ni níọ́ọ̀nù, tí William Ramsay àti Morris Travers rí ní London ní ọdún 1898, tí Georges Claude ará Faransé sì fi ṣe iná àfihàn ní Paris ní ọdún 1910.

Irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa jáde wúruwùru, olúkúlùkù sí ibi tí ó wù ú, bí èrò tí ń jáde nínú ọjà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1916, Albert Einstein fi ìṣirò hàn pé ọ̀nà mìíràn wà. Bí ìmọ́lẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ bá àkàsọ̀ náà mu gan-an bá bá átọ́ọ̀mù pàdé lórí àkàsọ̀, yóò pe é sọ̀kalẹ̀, átọ́ọ̀mù yóò sì fi ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ kún un. Àwọ̀ kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń lọ, ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbé, bí àwọn oníjó tí ìlù kan ń darí. Ọ̀kan wọlé, méjì jáde. Èlé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ kan náà bá bá átọ́ọ̀mù tí ó wà nísàlẹ̀ pàdé, átọ́ọ̀mù yóò gbé e mì, yóò sì fi gun àkàsọ̀. Ọ̀kan wọlé, kò sí ìkankan tí ó jáde. Nítorí náà, iye àwọn tí ó wà lókè, ẹ yọ iye àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ kúrò níbẹ̀: ohun tí ó bá kù ni èrè. Nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, bí a kò bá fọwọ́ kàn án, àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó máa ń pọ̀ jù, òfò ni ìmọ́lẹ̀ sì máa ń bá pàdé.

Ní ọdún 1928, ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn méjì kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ Rudolf Ladenburg àti Hans Kopfermann ń wọn bí níọ́ọ̀nù inú ọ̀pá oníná ṣe ń tẹ ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gba inú rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n ṣe ń fi kún iná, bẹ́ẹ̀ ni títẹ̀ náà ń pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n wá fi iná kún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Wọ́n mọ ohun tí ó fà á: àwọn átọ́ọ̀mù tí ó wà lókè ti pọ̀ tó láti máa bá àwọn ti ìsàlẹ̀ jìjàdù. Èlé Einstein ti fi ara hàn nínú ìwọ̀n wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ti ìsàlẹ̀ ṣì pọ̀ jù, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òfò síbẹ̀. Fún ọdún 32 lẹ́yìn èyí ni iná níọ́ọ̀nù fi ń tàn kiri àwọn ìgboro ayé, tí gáàsì tí a nílò wà nínú wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí èrè jẹ nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni Ali Javan. Ní Tehran, ní ilẹ̀ Ìráànì, ni a ti bí i ní ọdún 1926. Ó rékọjá sí Amẹ́ríkà nígbà tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́, ó kàwé ní Yunifásítì Columbia lọ́dọ̀ Charles Townes, ó sì wọ ilé iṣẹ́ ìwádìí Bell ní New Jersey ní ọdún 1958. Ní ọdún 1959 ó kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan jáde, nínú èyí tí ó ti sọ pé a lè rí èrè nínú gáàsì bí a bá po oríṣi méjì pọ̀. Ìkejì tí ó wá fún níọ́ọ̀nù ni héélíọ̀mù, gáàsì tí àwọn awòràwọ̀ kọ́kọ́ rí àmì rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní ọdún 1868, kí Ramsay tó rí i ní ayé níbí ní ọdún 1895.

Héélíọ̀mù ni mo lè pè ní aláàárù. Bí iná bá gbá a, ó ń gun àkàsọ̀ tirẹ̀ tòun ti ẹrù lórí, ṣùgbọ́n kì í tètè rí ibi sọ ẹrù náà kalẹ̀ sí. Ó ń gbé e kiri ni. Oríire ni pé pẹpẹ kan wà lórí àkàsọ̀ níọ́ọ̀nù tí gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ibi tí héélíọ̀mù gbé ẹrù dé mu wẹ́kú. Bí àwọn méjèèjì bá forí gbárí nínú ọ̀pá, héélíọ̀mù yóò gbé ẹrù lé níọ́ọ̀nù lọ́wọ́, yóò sì padà sísàlẹ̀ lófìfo. Báyìí ni níọ́ọ̀nù ṣe ń kún orí pẹpẹ òkè láìgba ìsàlẹ̀ kọjá. Nínú ọ̀pá tí Javan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò, héélíọ̀mù jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá níọ́ọ̀nù, gáàsì méjèèjì sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìtẹ̀ wọn kò fi tó ìdá kan nínú 600 ti afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká. Nígbà tí ọjà fúyẹ́ tó báyìí, báwo ni èrè yóò ṣe pọ̀?

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1960 ni Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní California. Òkúta rúbì ni ó lò, ó fi iná bíi ti àwọn ayàwòrán bù ú lójú lẹ́ẹ̀kan náà, òkúta sì kọ mànà. Àwọn Javan kò tíì rí ohunkóhun tàn. Ẹlòmíràn ìbá ti kó ẹrù rẹ̀ nílẹ̀. Èmi fún ara mi, mo fẹ́ràn ọ̀nà tí wọ́n gbà, nítorí wọn kò sáré lọ to dígí kí wọ́n máa gbàdúrà pé kí nǹkan tàn. Wọ́n kọ́kọ́ jókòó wọn èrè náà.

Ní sísọ, kò le. Ẹ gba ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ níọ́ọ̀nù láti inú ọ̀pá kan, ẹ jẹ́ kí ó gba inú ọ̀pá kejì kọjá, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí a tan iná ọ̀pá kejì àti nígbà tí a pa á, kí ẹ fi ìkíní wé ìkejì. Bí 100 bá wọlé tí 102 bá jáde, èrè ti dé. Ní ṣíṣe, ọ̀pá kejì fúnra rẹ̀ ń tàn! Ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ ń jáde síbi gbogbo, ó sì ń ya wọ inú ẹ̀rọ tí ń ka ìmọ́lẹ̀. Báwo ni ẹ óò ṣe mọ ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé tí ó sì jèrè, yàtọ̀ sí ti onílé? Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ máa ń dá sí irú èyí kò jìnnà sí ohun tí àwọn onílù wa mọ̀. Bí ọjà bá ń pariwo gèè, tí onílù kan sì ń lu ìlù kan náà láìyẹsẹ̀, etí tí ó mọ ìlù náà yóò yọ ọ́ jáde láàárín ariwo. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi àwo irin kan tí etí rẹ̀ rí bí eyín ayùn sí iwájú ìmọ́lẹ̀ tí ń wọlé, tí wọ́n sì ń yí i ní ìwọ̀n kan, kí ìmọ́lẹ̀ náà lè máa ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ tí ń ka ìmọ́lẹ̀ yóò wá ka kìkì èyí tí ó bá ń ṣẹ́jú ní ìwọ̀n náà, yóò sì gbàgbé ìyókù.

Ìṣòro mìíràn wà tí ó jọ ti alájọ. Bí ènìyàn kan tàbí méjì bá lọ gba owó lọ́wọ́ alájọ lóòjọ́, owó alájọ kò yẹ̀. Bí gbogbo ọjà bá rọ́ lọ bá a ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, àpò rẹ̀ yóò gbẹ. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fi ń wọn èrè ń pe àwọn átọ́ọ̀mù sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá lágbára jù, yóò gbọ́n pẹpẹ náà gbẹ, èrè tí ẹ óò sì kà yóò kéré sí èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tí kò lágbára ni a gbọ́dọ̀ fi wọ̀n ọ́n, ìyẹn ni pé ohun kékeré ni a ó fi máa wá ohun kékeré. Lẹ́yìn èyí, àwọn átọ́ọ̀mù gáàsì ń sáré kiri, bẹ́ẹ̀ bí ìró fèrè mọ́tò ṣe ń yí padà bí mọ́tò bá ń bọ̀ àti bí ó bá ti kọjá lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà ní ìwọ̀nba. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ọ̀pá kan wá jẹ́ àdàpọ̀ gbogbo wọn. Ohun tí ó bá fi hàn jẹ́ èrè orí gbogbo wọn tí a pín dọ́gba, kì í ṣe èrè àárín gbùngbùn tí ó pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí yóò rò pé òwò kò pé, nígbà tí ó pé.

Javan àti William Bennett wọ̀n ọ́n, wọ́n sì rí i pé èrè wà. Ó wá ku owó ọkọ̀.

Dígí ni atukọ̀ nínú òwò yìí. Wọ́n fi dígí méjì kọjú síra wọn ní ìpẹ̀kun ọ̀pá, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa lọ kí ó máa bọ̀ láàárín wọn, kí èlé sì máa gorí èlé. Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ fi bírò ṣe ìṣirò yìí: bí 100 bá ń jèrè 2 lórí ọgọ́rùn-ún nígbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá la ọ̀pá já, tí a sì ń fi èrè kún owó, ìgbà mélòó ni yóò là á já kí ó tó di 200? Ìgbà 35 ni. Bí dígí bá sì ń jẹ 1 nínú 2 náà, yóò di bí ìgbà 70. Nínú ọ̀pá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 80 sẹ̀ǹtímítà, bí èyí tí wọ́n lò, ìmọ́lẹ̀ yóò lọ yóò bọ̀ ní ìgbà 70 kí ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Ẹ̀yin àgbà rántí àwọn ayánilówó tí à ń pè ní sogúndogójì. Wọ́n lọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Ṣùgbọ́n dígí ìwojú tí ó wà ní iyàrá yín ń gbé ju 5 mì nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tí ó bá kàn án. Bí a bá fi irú rẹ̀ ṣe òwò tí èrè rẹ̀ jẹ́ 1 tàbí 2, gbèsè ni. Donald Herriott, tí ó mọ iṣẹ́ dígí dunjú, ni ó wá bá wọn ṣe é. Ìpele 13 ni wọ́n fi bo ojú gíláàsì náà, tẹ́ẹ́rẹ́ lórí tẹ́ẹ́rẹ́, títí dígí fi ń dá 98.9 padà nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ó kù fún òfò jẹ́ 1.1. Ẹ rí i bí ìṣirò náà ti fún mọ́ra tó: bí èrè bá jẹ́ 1.0, òkùnkùn, bí ó bá jẹ́ 1.2, lésà. Ká ní wọn kò wọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọn ì bá máa yí dígí kiri títí di ọ̀la láìmọ̀ bóyá dígí ni kò tọ́ ni tàbí gáàsì.

Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1960 ni, ní Murray Hill ní New Jersey. Òjò dídì ń bọ́ níta. Wọn kò ki wáyà bọ inú ọ̀pá náà. Ìgbì rédíò, ọmọ ìyá èyí tí ń gbé ohùn bọ̀ wá bá yín nílé, ni wọ́n fi ta gáàsì jí láti ìta. Herriott ń yí ìdè dígí díẹ̀díẹ̀, nítorí dígí méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú síra láìfi ibì kankan wọ́. Lójijì, àmì kan yọ lójú ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tí ó fi ojú rí ìmọ́lẹ̀ náà fúnra rẹ̀, nítorí ó wà lẹ́yìn pupa, níbi tí ojú ènìyàn kì í dé. Ṣùgbọ́n ó ń jáde láìdáwọ́ dúró, kì í ṣe bí ti rúbì tí ń kọ mànà tí ó sì ń kú. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi ohùn tẹlifóònù lé ìtànṣán náà lórí, ó sì gbé e dé.

Ní ọdún 1962, Alan White àti Dane Rigden, ní ilé iṣẹ́ kan náà, mú kí gáàsì méjèèjì yìí tan pupa tí ojú lè rí. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí lésà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ìmọ́lẹ̀ ka àmì ìlà dúdú lára ọjà ní ilé ìtajà kan ní Troy, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1974, òun ni ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ náà lò. Ẹ̀rọ òde òní ti fi lésà kékeré bí hóró ìrẹsì rọ́pò rẹ̀.

Èrè pupa náà kéré, nítorí náà àwọn ènìyàn tẹ̀ síwájú láti máa wọ̀n ọ́n nínú ọ̀pá oríṣiríṣi: títóbi àti tóóró, gáàsì púpọ̀ àti gáàsì díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ́ oníṣòwò yóò rò pé bí ilé ìtajà bá tóbi ni èrè yóò pọ̀. Òdì kejì ni. Ní ọdún 1963, Eugene Gordon àti White fi hàn pé bí ihò ọ̀pá bá ṣe tóóró tó ni èrè inú mítà kọ̀ọ̀kan ṣe ń pọ̀ tó, bí a bá fi gáàsì kún un bí ihò ti ń dínkù. Ìdí rẹ̀ ni pé níọ́ọ̀nù tí ó ti sọ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kì í padà sí ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń há sí àtẹ̀gùn kan láàárín, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àfi bí ó bá kan ògiri ọ̀pá kí ó tó lè ráyè délé. Bí ògiri bá jìnnà, èrò yóò há sójú ọ̀nà. Bí ògiri bá sún mọ́ tòsí, ọ̀nà yóò ṣí. Ẹ wo bí ìwọ̀n èrè ṣe sọ fún wọn ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ibi tí ojú kò lè wọ̀.

Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n mú olè. Àwọn tí ó ń ṣe ọ̀pá gígùn ṣàkíyèsí pé èrè pupa kò tó bí ìṣirò ti sọ. Arnold Bloom, W. E. Bell àti R. C. Rempel wá rí i pé ìmọ́lẹ̀ kejì kan ń bá pupa jẹ nínú àpò kan náà. Òun náà wà lẹ́yìn pupa, ojú kò rí i. Ìgbì rẹ̀ gùn ju ti pupa lọ ní ìlọ́po márùn-ún àti díẹ̀. Orí pẹpẹ kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń mú átọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n nígbà tí pupa ń jèrè ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, olè yìí lè di ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mítà kan ṣoṣo. Sogúndogójì tòótọ́ nìyẹn. Wọ́n wá ń to irin òòfà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá láti fi dá a lọ́wọ́ kọ́, nítorí òòfà a máa fọ́n àwọ̀ olè náà ká jù bí ó ti ń fọ́n ti pupa ká lọ.

Olè náà sì wúlò lẹ́yìn ọ̀la. Ní ọdún 1972, Kenneth Evenson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boulder, ní ìpínlẹ̀ Colorado, lo ìmọ́lẹ̀ kan náà yìí láti wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yára tó, dáradára ju bí ẹnikẹ́ni ti wọ̀n ọ́n rí lọ. Láti inú irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ti fohùn ṣọ̀kan ní ọdún 1983 pé ìmọ́lẹ̀ ń rin mítà 299,792,458 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tí à ń pè ní mítà sì ni ìrìn ìmọ́lẹ̀ fún ìdá kan nínú iye yẹn. Ọ̀pá tí aláṣọ fi ń wọn aṣọ fún yín lọ́jà, ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ wà.

Bóyá ẹnìkan ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1991, ní Dakar ní ilẹ̀ Senegal, ni àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ lésà àti átọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń pè ní LAM Network. Ahmadou Wagué ti Yunifásítì Cheikh Anta Diop wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 2003 a dá African Laser Centre sílẹ̀ ní South Africa. Ọmọ Efire tí ó bá fẹ́ kọ́ físíìsì kò sì ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú kí ó tó bẹ̀rẹ̀: láti ọdún 1982 ni yunifásítì ti wà ní Agọ́-Ìwòyè, èyí tí ń jẹ́ Olabisi Onabanjo University láti ọdún 2001.

Ìwọ̀n tí mo ń sọ yìí kò sì béèrè àlùmọ́ọ́nì. Láti ọdún 1962 ni wọ́n ti ń fi dígí sí ìta ọ̀pá, tí àlàfo sì wà láàárín ọ̀pá àti dígí. Ẹni tí ó bá ní irú lésà pupa bẹ́ẹ̀, ohun tí ó kù fún un ni gíláàsì pẹlẹbẹ kan tí ó dán mọ́nrán, lórí tábìlì kékeré tí ń yí, tí a kọ ìwọ̀n igun sí. Kí ó nu gíláàsì náà dáadáa, nítorí àmì ìka kan ṣoṣo lè gbé èrè náà mì tán. Kí ó má ṣe fi ojú wo inú ìtànṣán náà láé, nítorí ó ń ba ojú jẹ́. Ara ògiri tàbí ara bébà ni kí ó ti máa wò ó.

Kí ó ti gíláàsì bọ inú àlàfo náà, kí ó sì dà á sí igun 56 sí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀. Ní igun yẹn, ìmọ́lẹ̀ inú irú lésà yìí ń gba ojú gíláàsì kọjá bí ẹni pé kò sí gíláàsì níbẹ̀, lésà yóò sì máa tàn lọ. Nísinsìnyí kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i ní jẹ́jẹ́. Ní igun 50, gíláàsì yóò ti máa ju bí 0.7 nù nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú rẹ̀ kọjá. Ní igun 45, yóò ti di 1.7. Owó ọkọ̀ ni ó ń fi kún díẹ̀díẹ̀ yẹn. Pupa ara ògiri yóò máa ṣú, yóò máa ṣú, ní igun kan yóò sì kú pátápátá: ibi tí èrè àti òfò ti di ọgbọọgba nìyẹn. Kí ó ka igun náà. Kí ó yí gíláàsì padà díẹ̀, pupa yóò tún tàn. Igun tí ó ti kú àti igun tí ó ti jí, kí ó kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.